Yíyí ètò àtilẹ̀wá WinDbg padà kí !analyze yéé di ẹ̀bi ru kernel

Kọ̀ǹpútà Windows yín gbé blue screen wá, ó pa ara rẹ̀ ó tún tan ara rẹ̀, ẹ sì bá fáìlì .dmp kan (dump, àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ìrántí nígbà tó kú) nínú `C:\Windows\Minidump`. Ẹ ṣí i nínú WinDbg, debugger Microsoft tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ kọ `!analyze -v`, àṣẹ tó ń wá ohun tó fa ìjàm̀bá, èsì tó jáde ni pé ntkrnlmp.exe ló fà á. Kernel, ọkàn Windows fúnra rẹ̀, nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ bàjẹ́ lójú pópó, tí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò títí, tó wá ní ẹ́ńjìnnì ló dákẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Kernel ni gbogbo ìjàm̀bá máa ń já sí lọ́wọ́ níkẹyìn, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí driver kan (ètò tó ń darí ohun èlò ara kọ̀ǹpútà) bá ti fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé `!analyze` kò mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló kéré: dump tó fẹ́lẹ́, symbol (orúkọ àwọn iṣẹ́ inú kernel) tí kò bá kernel mu, àti ètò àtilẹ̀wá (default settings) tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò láti ọjọ́ tí WinDbg ti dé orí ẹ̀rọ. Àwọn ètò yẹn la fẹ́ yí padà níbí, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí dump ti ń wá, kì í ṣe láti inú WinDbg.

Ohun tí Windows ń kọ sílẹ̀ nígbà tó bá ń kú

Ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ `sysdm.cpl`, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí Advanced, ẹ wá Startup and Recovery, kí ẹ tẹ Settings tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ Write debugging information sí ni kí ẹ wò. Láti Windows 8 ni Automatic memory dump ti di ètò àtilẹ̀wá, kò sì burú rárá: gbogbo ìrántí tí kernel ń lò ló ń kọ sínú `C:\Windows\MEMORY.DMP`, ó sì tún ń fi minidump (dump kékeré) kan sínú `C:\Windows\Minidump`. Àmọ́ bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tọ́kùnbọ̀ lẹ rà, ẹ má gbà pé ètò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, tàbí ọ̀kan nínú àwọn sọ́fúwíà tó ń pe ara wọn ní afọ̀dọ̀tí, lè ti sọ ọ́ di none tàbí Small memory dump.

Láti Command Prompt, ẹ lè fi àṣẹ yìí wò ó:

    reg query HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\CrashControl

Ẹ wo CrashDumpEnabled. 0 ni kó má kọ nǹkan kan, 1 ni gbogbo RAM pátá, 2 ni ti kernel nìkan, 3 ni minidump, 7 ni Automatic. Ẹni tó fẹ́ wádìí ìjàm̀bá dáadáa, 7 tàbí 2 ló yẹ kó lò. Minidump tó fún títọ́ka sí driver tó ya wèrè. Kò tó fún ìjàm̀bá tí ẹ ti fẹ́ mọ ohun tí àwọn thread (iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́) yòókù ń ṣe lákòókò náà, bíi DPC_WATCHDOG_VIOLATION, ìyẹn 0x133. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sídìí láti yan 1 àfi tí ẹnì kan tó mọ ohun tó ń wá bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín: fáìlì tó tóbi tó RAM ni, pagefile (fáìlì orí dísìkì tí Windows fi ń ran RAM lọ́wọ́) tó jù ú lọ díẹ̀ lórí C: ló sì máa ń béèrè.

Láti yí i padà, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator:

    reg add HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\CrashControl /v CrashDumpEnabled /t REG_DWORD /d 7 /f

Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn kó tó lè múlẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń mú kí dump di àwátì lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí. Èkíní ni pagefile. Inú pagefile tó wà lórí C: ni Windows ń kọ dump sí kó tó wá gbé e sínú MEMORY.DMP nígbà tó bá tún tàn. Ẹni tó bá ti pa pagefile, tàbí tó gbé e lọ sí D: kó lè fi C: sílẹ̀, ti gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé nìyẹn. Èkejì ni àyè. Bí àyè tó kù lórí C: bá dín sí 25 GB, tí kọ̀ǹpútà náà kò sì sí lábẹ́ domain (nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́), Windows á pa MEMORY.DMP rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi àmì sí Disable automatic deletion of memory dumps when disk space is low nínú àpótí kan náà tí a ṣí lókè, tàbí kí ẹ fi AlwaysKeepMemoryDump síbi CrashControl, kó jẹ́ REG_DWORD, kó jẹ́ 1. MEMORY.DMP tuntun a máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ dà á kọ síbòmíràn kí ìjàm̀bá míì tó dé.

Ẹ̀kẹta ni pé kò sí blue screen rárá. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò sì ní UPS, tàbí tí ẹnì kan di bọ́tìnì mú títí ó fi kú, Windows kò ráyè kọ ohunkóhun. Ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wo System, kí ẹ wá Kernel-Power pẹ̀lú nọ́ńbà 41. Bí BugcheckCode inú rẹ̀ bá jẹ́ 0, Windows kò rí àkọsílẹ̀ blue screen kankan. Iná, bátìrì tàbí ooru ni kí ẹ lọ wádìí, WinDbg kò ní oògùn fún un.

Ẹ padà sínú àpótí Startup and Recovery yẹn, ẹ yọ àmì kúrò lórí Automatically restart. Blue screen á dúró lójú yín kí ẹ lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí iye tó ń kà lójú ẹ̀rọ pé 100% kí ẹ tó pa á. Ẹni tó bá pa á ní ìdajì, ìdajì dump ló máa bá nílẹ̀.

Symbol: ibi tí ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá

WinDbg tuntun wà ní Microsoft Store, ẹ sì lè fi àṣẹ kan gbé e wọlé:

    winget install Microsoft.WinDbg

Nọ́ńbà ló kún inú dump, kì í ṣe orúkọ. Symbol ló ń sọ fún debugger pé àdírẹ́sì gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fffff80 yìí wà nínú iṣẹ́ tó ń jẹ́ KiPageFault. Inú fáìlì .pdb ni symbol ń gbé, Microsoft sì kó ti Windows sí msdl.microsoft.com lọ́fẹ̀ẹ́. Kernel kọ̀ọ̀kan ló ní .pdb tirẹ̀. Bí Windows Update bá pààrọ̀ kernel lálẹ́ àná, .pdb tó wúlò lọ́sẹ̀ tó kọjá kò bá a mu mọ́. Ìdí nìyẹn tí WinDbg fi tún ń fa fáìlì wálẹ̀ nígbà tí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́.

Bí WinDbg tuntun ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, `srv*` lásán ni ọ̀nà symbol rẹ̀, abẹ́ `C:\ProgramData\Dbg` ni àwọn fáìlì sì ń lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ fódà tó fara pamọ́ ni, orí C: ló sì wà, C: tí àyè kì í tó. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ohun tí ẹ bá yí padà nínú Settings WinDbg, WinDbg nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ní fèrèsé, bíi kd (debugger) àti symchk (tó ń wá symbol), environment variable (iye tí Windows ń pa mọ́ fún àwọn ètò) ni wọ́n ń kà. Nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí:

    setx _NT_SYMBOL_PATH "srv*D:\Symbols*https://msdl.microsoft.com/download/symbols"

Bí a ṣe ń ka ìlà yìí: kọ́kọ́ wò ó nínú `D:\Symbols`, bí kò bá sí níbẹ̀, lọ mú un wá láti Microsoft, kí o sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sí `D:\Symbols` fún ìgbà mìíràn. Kò gbọdọ̀ sí àlàfo ní ẹ̀gbẹ́ àmì ìràwọ̀ méjèèjì. Ẹni tí kò bá ní D: lè lo `C:\Symbols`, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sínú fódà OneDrive, àfi tí ẹ bá fẹ́ kó máa fi dátà yín kó ohun tó ti ọ̀dọ̀ Microsoft wá padà lọ fún Microsoft.

Àwọn fèrèsé tó bá ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní rí ohun tí setx kọ. Ẹ pa WinDbg àti Command Prompt dé, kí ẹ ṣí wọn padà. Lẹ́yìn náà, nínú WinDbg, ẹ lọ sí File, Settings, Debugging settings, kí ẹ lẹ ìlà kan náà mọ́ ibi Symbol path, kí ọ̀rọ̀ má di méjì.

Ẹ má gba ètò yìí gbọ́ kí ẹ tó dán an wò. Ẹ da dump kan kọ síta kúrò nínú `C:\Windows\Minidump`, sínú `D:\dumps` fún àpẹẹrẹ, torí ẹni tí kì í bá ṣe administrator kò lè ṣí i níbi tó wà. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá kọ ìwọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

    .sympath
    !sym noisy
    .reload /f nt
    lm m nt
    !sym quiet

`.sympath` yóò fi ọ̀nà tí debugger ń tọ̀ gan-an hàn yín, kì í ṣe èyí tí ẹ rò pé ẹ kọ. `!sym noisy` á mú kí ó máa sọ gbogbo ibi tó bá dé. Bí nǹkan bá lọ déédéé, ẹ ó rí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SYMSRV bó ṣe ń fa fáìlì, lẹ́yìn rẹ̀ ni `DBGHELP: nt - public symbols` àti ọ̀nà fáìlì náà. Ìlà tí `lm m nt` bá gbé jáde ní láti ní pdb symbols nínú. Bó bá jẹ́ export symbols lẹ rí, orúkọ díẹ̀ tí kernel fi síta fún àwọn driver nìkan ni WinDbg ní. Yóò máa mú orúkọ tó bá sún mọ́ jù lọ, ẹ ó wá rí iṣẹ́ kan pẹ̀lú +0x nọ́ńbà ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ẹ ṣí `D:\Symbols` fúnra yín wò. Ẹ ó bá fódà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ ntkrnlmp.pdb, bí ẹni pé fáìlì ni. Nínú rẹ̀ ni fódà míì wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 32 tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú 1 ní ìparí. Àmì ìdánimọ̀ kernel yẹn gan-an ni. Bí Windows Update bá dé, òmíràn á yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ kò wúlò fún dump tuntun. Ẹ lè pa wọ́n rẹ́ nígbà tí àyè bá fún yín.

Bí fáìlì bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ẹ ó rí ìkìlọ̀ ńlá yìí: `Kernel symbols are WRONG. Please fix symbols to do analysis.` Ẹ kọ `.reload /f /o nt`. Lẹ́tà o yẹn ni yóò mú kó tún un fà, kó sì bo èyí tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń jẹ dátà jù, torí kì í ṣe kernel nìkan ni WinDbg ń wá: inú minidump kò sí ẹ̀dà àwọn driver fúnra wọn, nítorí náà ó tún ń fa àwọn ti Windows wálẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà tí dump wà lórí rẹ̀ kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, symchk lè kọ ohun tó nílò sínú ìwé pélébé kan, bí ẹni kọ nǹkan ọjà fún ọmọ:

    symchk /om D:\manifest.txt /id D:\dumps\MEMORY.DMP /s D:\Symbols

Ẹ gbé manifest.txt lọ síbi tí Wi-Fi wà, ẹ fa àwọn symbol síbẹ̀, kí ẹ sì gbé fódà náà padà wálé:

    symchk /im manifest.txt /s srv*D:\Symbols*https://msdl.microsoft.com/download/symbols

symchk àti kd kì í bá WinDbg ti Store wá bẹ́ẹ̀. Ẹ gba Windows SDK, kí ẹ sì fi àmì sí Debugging Tools for Windows nìkan nígbà tó bá ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́. Ìyókù kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Kí WinDbg máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdúró de àṣẹ

Bí ẹ bá ṣí dump, WinDbg á kàn kọ pé kí ẹ lọ ṣe `!analyze -v` ni. `!analyze` láìsí `-v` kúrú jù, kò sí ìgbà tó dáa ju èkejì lọ. Àwọn àṣàyàn míì tó yẹ kí ẹ mọ̀ kò pọ̀. `-hang` wà fún ẹ̀rọ tó dì, tí kò kú. `-f` ń fi agbára ṣe àyẹ̀wò bí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí debugger kò rí àmì ìjàm̀bá kankan. `-show` pẹ̀lú nọ́ńbà, bíi `!analyze -show 9f`, á túmọ̀ nọ́ńbà blue screen náà fún yín, ó sì wúlò nígbà tí nọ́ńbà nìkan ni oníbàárà rántí.

Kò sí ibì kan tí ẹ ti lè sọ fún `!analyze` pé kó máa lo `-v` títí ayé. Ohun tí à ń ṣe ni pé a kó àwọn àṣẹ wa sínú fáìlì kan, a sì ní kí WinDbg kà á bó bá ti ń ṣí. Ẹ kọ́kọ́ dá fódà `D:\dbg\log` sílẹ̀, torí `.logopen` kì í dá fódà fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi Notepad kọ `D:\dbg\ibere.txt`:

    .prefer_dml 1
    .kframes 0n60
    .logopen /t D:\dbg\log\esi.txt
    !analyze -v
    lmtn
    !sysinfo machineid
    .logclose

`.prefer_dml 1` ń sọ àwọn èsì di ohun tí a lè tẹ̀ láti rí àlàyé síi. `.kframes` ni iye ìlà stack (ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn iṣẹ́ tó pe ara wọn) tó máa fi hàn. Ẹ ṣọ́ra fún 0n yẹn. WinDbg gbà pé gbogbo nọ́ńbà jẹ́ hexadecimal (onípìlẹ̀ 16). Ẹni tó bá kọ 60 lásán, 96 ló béèrè fún. Pẹ̀lú `/t`, orúkọ log kọ̀ọ̀kan á ní ọjọ́ àti aago lára, wọn kò ní máa bo ara wọn mọ́lẹ̀. `lmtn` ń to gbogbo driver pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, níbi tí a ti sábà máa ń rí driver ọdún 2012 kan tó jókòó sínú Windows 11 bí àgbàlagbà tó wá sí ìpàdé ọ̀dọ́. `!sysinfo machineid` ń sọ irú kọ̀ǹpútà àti BIOS rẹ̀ bí dump bá ní in. Bí kò bá ní in, yóò ráhùn díẹ̀, yóò sì kọjá lọ.

Bó bá wù yín láti fi àlàyé sínú fáìlì náà, ẹ fi `*` bẹ̀rẹ̀ ìlà. `$$` náà ń ṣe àlàyé, àmọ́ ó máa ń parí síbi àmì `;` àkọ́kọ́, ohun tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ á sì di àṣẹ.

Ẹ ṣí i báyìí:

    windbgx -z D:\dumps\051225-9843-01.dmp -c "$$<D:\dbg\ibere.txt"

Ọjọ́ ló wà níwájú orúkọ minidump: oṣù, ọjọ́, ọdún. Èyí tó wà lókè yìí jẹ́ ti 12 oṣù karùn-ún 2025.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ máa kọ ìlà yẹn lójoojúmọ́. Ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ `shell:sendto`, kí ẹ fi fáìlì tó ń jẹ́ ayewo.bat sínú fódà tó bá ṣí:

    @echo off
    start "" windbgx -z "%~1" -c "$$<D:\dbg\ibere.txt"

Láti ìgbà náà lọ, ẹ ó kàn tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí dump, ẹ yan Send to, ẹ yan ayewo.

Bí dump bá pọ̀

Dump kan lè tan yín jẹ. Mẹ́wàá kì í sábà parọ́ pọ̀. kd ló yẹ fún iṣẹ́ yìí torí kì í ṣí fèrèsé kankan:

    @echo off
    set KD="C:\Program Files (x86)\Windows Kits\10\Debuggers\x64\kd.exe"
    for %%f in (D:\dumps\*.dmp) do %KD% -z "%%f" -logo "%%f.txt" -c "!analyze -v; q"

Bí ẹ bá kọ ọ́ tààrà sí Command Prompt dípò inú .bat, `%f` kan ṣoṣo ni, kì í ṣe `%%f`. `q` tó wà ní ìparí ṣe pàtàkì. Láìsí i, kd á jókòó ti dump àkọ́kọ́, yóò máa retí yín. Ẹ má sì kọ `setlocal enabledelayedexpansion` sórí fáìlì yìí, nítorí cmd á gbé àmì `!` mì, ohun tó máa dé ọwọ́ kd ni `analyze -v`, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó bá parí, ẹ kó èsì jọ:

    findstr "BUGCHECK_CODE IMAGE_NAME FAILURE_BUCKET_ID" D:\dumps\*.txt

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Bí IMAGE_NAME bá jẹ́ driver kan náà nínú mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa mú. Bí mẹ́wàá bá sọ ohun mẹ́wàá, tí ọ̀kan ní ntkrnlmp, òmíràn ní win32kfull, òmíràn ní memory_corruption, RAM ni kí ẹ fura sí kí ẹ tó fọwọ́ kan driver kankan. Ẹ lo mdsched.exe ti Windows, tàbí èyí tó dáa jù, MemTest86 láti orí flash, kó sùn mọ́jú lórí rẹ̀.

Kíka èsì lẹ́yìn tí ètò ti tọ́

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan péré dáadáa. BUGCHECK_CODE ni d1, ìyẹn DRIVER_IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Arg1 ni àdírẹ́sì tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn, Arg2 ni IRQL (ìpele tí processor wà lákòókò náà), Arg3 ni 0 bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kà á, 1 bí wọ́n bá fẹ́ kọ sí i, Arg4 sì ni àdírẹ́sì ìtọ́ni tó dán irú àṣà bẹ́ẹ̀ wò. Arg4 ni ẹ máa fojú sí. Nínú STACK_TEXT, ẹ ó rí i báyìí láti òkè wá sílẹ̀:

    nt!KeBugCheckEx
    nt!KiBugCheckDispatch+0x69
    nt!KiPageFault
    abc+0x1a2b4

Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti kernel tó ń ké ìbòsí, kì í ṣe àwọn ló jalè. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ wọn, tí kò ní orúkọ iṣẹ́ àyàfi +0x nọ́ńbà, ni driver tí Microsoft kò ní symbol rẹ̀. Àìní symbol níbẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe yín. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò fi .pdb rẹ̀ síta. Ẹ kọ `lmvm abc`, ẹ wo Timestamp àti ibi tí fáìlì náà wà, kí ẹ lọ gba tuntun ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé symbol kernel kò tọ́ ni, stack yìí á dàrú lẹ́yìn ìlà kejì, abc kò ní jáde, ẹ ó sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀: ntkrnlmp.exe.

Nọ́ńbà méjì tí ètò àtilẹ̀wá `!analyze` kì í sọ tán: fún 0x124, WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, ẹ kọ Arg2 sẹ́yìn `!errrec`, yóò sọ apá tó kígbe, bóyá processor, ìrántí tàbí PCI Express. Fún 0x9F tí Arg1 rẹ̀ jẹ́ 3, ẹ fún `!irp` ní Arg4, kí ẹ sì fún `!devstack` ní Arg2. Driver tó kọ̀ láti sùn tàbí láti jí á fara hàn nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn. Kernel dump ló dáa jù fún 0x9F.

Bó bá jẹ́ ètò (app) kan ṣoṣo ló ń kú, tí Windows kò kú

Ètò àtilẹ̀wá Windows kì í pa dump àwọn ètò lásán mọ́ fún yín. Ẹ ní láti ṣí LocalDumps fúnra yín, pẹ̀lú agbára administrator. Fún ètò tó ń jẹ́ isiro.exe:

    reg add "HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\Windows Error Reporting\LocalDumps\isiro.exe" /v DumpType /t REG_DWORD /d 2 /f
    reg add "HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\Windows Error Reporting\LocalDumps\isiro.exe" /v DumpFolder /t REG_EXPAND_SZ /d D:\dumps\app /f

DumpType 1 jẹ́ kékeré, 2 jẹ́ gbogbo rẹ̀. DumpCount, bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, jẹ́ 10. Bí ìkọkànlá bá dé, èyí tó pẹ́ jù á lọ. Bí ẹ kò bá fi DumpFolder sí i, `%LOCALAPPDATA%\CrashDumps` ni kí ẹ wò. Ètò tó bá ń mú ìjàm̀bá ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kí LocalDumps rí nǹkan kan.

Kí ẹ tó fi dump ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. DumpType 2 ń kó gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ètò náà lákòókò tó kú: ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, orúkọ oníbàárà, lẹ́tà tí wọn kò tíì fi ránṣẹ́. Log tí `!analyze` kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó sábà máa ń tó.

Dídá a padà

setx kò lè pa ohun tó kọ rẹ́. Òfìfo lásán ló máa fi síbẹ̀. Àṣẹ tó tọ́ nìyí:

    reg delete HKCU\Environment /v _NT_SYMBOL_PATH /f

Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ tún wọlé. Ẹ pa ìlà Symbol path rẹ́ nínú Settings WinDbg, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ isiro.exe rẹ́ lábẹ́ LocalDumps, kí ẹ dá àmì Automatically restart padà bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. CrashDumpEnabled ní tirẹ̀, ẹ fi 7 sílẹ̀ níbẹ̀.